Ìgbésí Ayé Bàbá Ìdì, Apínwèé Tẹlifóònù Tó Kọ ‘Òfìfo’ Sílé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 1943, ni wọ́n bí bàbá wa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Bàbá Ìdì, ní yàrá ẹ̀yìn nínú ilé alájà mẹ́ta kan, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Agbẹ́kànga ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń fọ aṣọ ibùsùn fún ilé ìtura. Ní ìhà bàbá àti ní ìhà ìyá, ìran àwọn tí iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ti wá. Bàbá àgbà yìí gbẹ́ kànga kan jìn débi pé wọ́n ń gbọ́ tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ayé ń kí ara wọn kú àárọ̀. Agbẹ̀bí tó gba bàbá wa sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ náà kò kọ́kọ́ ké: ó la ẹnu, ó yán, ó sì wo yàrá yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ti rẹ Bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé.

Ọmọ méjì péré ni òbí wọn bí. Ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí a ń pè ní Màmá Aránṣọ, fi ọdún márùn-ún jù wọ́n lọ. Màmá Aránṣọ ṣì wà láàyè. Àwọn ni ẹ ń wò ní àga iwájú yẹn. Àwọn ló pọn Bàbá, wọn ò sì tètè sọ̀ wọ́n kalẹ̀. A gbọ́ pé ẹsẹ̀ Bàbá ti ń wọ́ nílẹ̀ tuuru, ọ̀já ṣì wà lẹ́yìn Màmá Aránṣọ.

Láti ọdún 1950 dé 1956 ni Bàbá lọ sí ilé ìwé. Ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ ọ pẹ́. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò ní kíláàsì kẹta, débi pé olùkọ́ tuntun kan dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ó rò pé ọ̀gá ilé ìwé ni. Ọwọ́ ìkọ̀wé wọn tóbi, ó wọ́, lẹ́tà k wọn kọjú sẹ́yìn, nọ́ńbà méje wọn sì máa ń dé fìlà. Ní ọdún 1957 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri fún ilé búrẹ́dì kan. Ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wa kẹ̀kẹ́ náà. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n máa fi sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ wọn kò mọ bí a ṣe ń rìn tààrà mọ́, ńṣe ló ń yí po.

Ní oṣù kìíní ọdún 1965 ni ilé ìkẹ́rùsí kan gbà wọ́n síṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pín ìwé tẹlifóònù. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ìwé ńlá kan ni, tí wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tó ní tẹlifóònù sí pẹ̀lú nọ́ńbà wọn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n sì ń gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ó nípọn ju ìrọ̀rí lọ. Ẹ̀dà kan já lé ológbò aṣọ́nà lórí ní ọdún 1969, láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń lo ológbò yẹn bí rọ́ọ̀gì.

Iṣẹ́ náà ní èdè tirẹ̀, Bàbá sì gbọ́ èdè náà ju bí wọ́n ṣe gbọ́ ìwàásù lọ. Àwọn òpópónà tí a bá yàn fún ẹnì kan ni à ń pè ní ìlà. Ìlà Kẹrìnlá ni ti Bàbá, ẹgbẹ̀ta ilé ó lé ogójì, gbogbo rẹ̀ lórí òkè, gbogbo rẹ̀ àtẹ̀gùn. Ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí èèyàn bá gbé ìwé ọdún yìí gùn ún, tó bá fi máa débi ilẹ̀kùn, ìwé ọdún tó ń bọ̀ ti jáde. Ìwé mẹ́wàá tí a fi okùn dì pọ̀ ni ìdì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń gbé ìdì kan lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ń gbé méjì, ọ̀kan léjìká ọ̀tún, ọ̀kan léjìká òsì, ibẹ̀ sì ni orúkọ Bàbá Ìdì ti wá. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé mẹ́fà ni, ẹ má jiyàn, ó lè jẹ́ pé ojú rẹ̀ ló fi rí i.

Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì jù lórí káàdì tí apínwèé ń mú lọ́wọ́. Tó bá kan ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ṣùgbọ́n tí aṣọ wà lórí okùn, padà-wá ni yóò kọ. Ìyẹn ni pé kí ó tún padà lọ. Tó bá jẹ́ pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé inú ilé náà mọ́, òfìfo ni yóò kọ. Ọ̀rọ̀ òfìfo yìí ló kó bàbá wa sí wàhálà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1971 Bàbá gbé ìyá wa níyàwó. Atẹ̀wé ọ́fíìsì ni ìyá wa, orí Ìlà Kẹrìnlá ni wọ́n ń gbé, lájà kẹrin. Ẹ̀ẹ̀méje láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni Bàbá kọ padà-wá síwájú ilé náà, ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n sì gun àtẹ̀gùn náà padà. Ìyá wa wà nílé ní gbogbo ìgbà méjèèje.

“Mo ń wò ó lójú fèrèsé,” ni ìyá wa máa ń sọ fún wa. “Mo fẹ́ mọ iye ìgbà tí yóò gùn ún kó tó bínú.”

Bàbá kò bínú. Ó kàn rẹ̀ wọ́n. Ní ìgbà keje, wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sùn lọ, ìyá wa ló jí wọn pẹ̀lú ife omi. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí wọn. Èyí àbígbẹ̀yìn dé ní ọdún 1984, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí ọmọ mọ́. Bàbá sọ ọ́ ní Àfikún, orúkọ ìwé kékeré tí ilé iṣẹ́ máa ń tẹ̀ láàárín ọdún fún àwọn tí wọ́n gbàgbé. Títí di òní, orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn.

Ọdún 1978 wá dé. Ilé iṣẹ́ fẹ́ fún Bàbá ní ìwé ẹ̀yẹ nítorí ọdún mẹ́tàlá tí wọ́n ti ń gbé ìdì. Màmá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lórí Ìlà Kẹrìnlá gan-an, rán ṣòkòtò tuntun fún wọn. Bàbá wọ̀ ọ́ jáde síwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan balẹ̀, èkejì dúró lókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Dírẹ́bà ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé e jáde.

Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ojú oorun lẹ fi wọ̀n mí ni?”

“Kò sóhun tó ṣe ṣòkòtò,” ni Màmá Aránṣọ fèsì, ohùn wọn sì dé òpin gbọ̀ngàn. “Ẹsẹ̀ rẹ kan ló kúrú. Láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́ ni mo ti mọ̀.”

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń parí káàdì ọdún náà nìyẹn. Bàbá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Màmá Aránṣọ. Wọ́n ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ilé. Wọ́n ń gbọ́ tí Màmá Aránṣọ ń kọrin. Bàbá yọ bírò, wọ́n kọ òfìfo.

Ohun tó wà lọ́kàn wọn ni pé kí ẹ̀gbọ́n wọn má rí ìwé gbà lọ́dún yẹn, kí wọ́n lè wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí inú Bàbá fi máa rọ̀ ní ọjọ́ kẹrin, káàdì ti dé ilé ìtẹ̀wé, ilé ìtẹ̀wé sì ti ṣe ohun tí òfìfo ní kí wọ́n ṣe: wọ́n yọ orúkọ kúrò. Ìwé ọdún 1979 jáde. Aránṣọ mọ́kàndínlógún ló wà lójú ewé àwọn aránṣọ. Màmá Aránṣọ kò sí níbẹ̀. Oníbàárà kan tó wá orúkọ wọn tì rò pé wọ́n ti kú. Ó wọ dúdú, ó wá bá ẹbí dárò, òkú fúnra rẹ̀ ló bá nídìí ẹ̀rọ tó ń jẹ ẹ̀pà. Igbe tí oníbàárà náà ké fọ́ gíláàsì ní òpópónà mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tán nígbà tó yá. Tẹlifóònù dákẹ́. Nínú ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà, Màmá Aránṣọ da aṣọ bo méjì.

Òfin ilé iṣẹ́ ni pé orúkọ tí òfìfo bá ti yọ, fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló lè dá a padà. Apínwèé ní láti kọ ìdí àṣìṣe náà síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí onílé sì fọwọ́ sí i. Bàbá gba fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n kọ ìdí rẹ̀: Mo bínú. Wọ́n ká a, wọ́n fi sí àpò àyà, ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì fi gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n wọn láìyọ ọ́ jáde. Àwọn méjèèjì ti parí ìjà ṣòkòtò nígbà náà. Wọ́n ń jọ jẹun. Màmá Aránṣọ á ní, “Àwọn ilé ìtẹ̀wé yìí, kí ni mo fi ṣe wọ́n gan-an?” Bàbá á ní, “Hùn.” Hùn yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ẹrù tí Bàbá gbé láyé.

Nítorí wọn kò lè sọ̀rọ̀, wọ́n mú bírò. Lọ́dọọdún, kí ìpínwèé tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá á jókòó sórí àpótí ní ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n á tú ìdì, wọ́n á ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé àwọn aránṣọ, wọ́n á fi ọwọ́ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn àti nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, wọ́n á sì tún un dì. Ẹgbẹ̀ta ẹ̀dà ó lé ogójì. Ọjọ́ méjìlá ló ń gbà wọ́n. Bírò tí wọ́n lò tán pọ̀ tó èyí tí a lè fi ṣe ọgbà yí ilé yìí ká. Díẹ̀díẹ̀, tẹlifóònù Màmá Aránṣọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n sì ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ kejì. Àwọn apínwèé tuntun tí Bàbá ń kọ́ níṣẹ́ rò pé orí Bàbá ti dàrú, nítorí bí wọ́n ṣe ń kìlọ̀ fún wọn: kí ẹ tó kọ òfìfo, ẹ yọjú lójú fèrèsé, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gbóòórùn ìdáná, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá mi wá.

Ní ọdún 1987, ìyá ìyàwó kan gbé ìwé tẹlifóònù tirẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní ibi tí òun ti rí nọ́ńbà nìyí. Màmá Aránṣọ wo ojú ewé náà. Wọ́n rí k tó kọjú sẹ́yìn. Wọ́n rí méje tó dé fìlà. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, téèpù ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n rìn dé ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì dì mọ́ Bàbá lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

“Àbúrò mi! Ìwọ lò ń kọ mí sínú ìwé láìsọ fún ẹnikẹ́ni? Ta ló tún ní irú àbúrò yìí?”

Dírẹ́bà wà níbẹ̀, òun ló ròyìn rẹ̀ fún wa. Ó ní Bàbá funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ní wọ́n kúnlẹ̀ sáàárín ìdì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má yìn mí. Èmi ni mo yọ yín kúrò. Mo kọ òfìfo síwájú ilé yín lọ́dún ṣòkòtò.”

Wọ́n yọ fọ́ọ̀mù. Màmá Aránṣọ kà á. Wọ́n wo Bàbá. Wọ́n wá wo ara tiwọn láti òkè délẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n sì mọ̀ pé ìrìn àjò ọjọ́ méjì nìyẹn.

“Òfìfo?” ni wọ́n wí. “Èmi tí mo bá wọ yàrá tí atẹ́gùn ń jáde? Wò mí dáadáa, Àbúrò. Ṣé bí òfìfo ṣe ń rí nìyí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ sí i.”

“N kò fọwọ́ sí nǹkan kan. Ọwọ́ tó yọ mí ni kó máa kọ mí lọ. Gbé ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dọọdún, kí n máa wò ọ́.”

Màmá Aránṣọ fi fọ́ọ̀mù sí àpò tiwọn, wọ́n lọ. Bí ó ṣe rí nìyẹn títí ìwé tẹlifóònù fi tán láyé. Lọ́dọọdún, Bàbá á fi ọmọlanke gbé ìdì lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, wọ́n á jókòó fún ọjọ́ méjìlá, Màmá Aránṣọ á máa ránṣọ, Bàbá á máa kọ̀wé. Bí lẹ́tà kan bá wọ́, Màmá Aránṣọ á fi rúlà gbá tábìlì: “Tún un kọ.” Ìka Bàbá mẹ́ta tẹ̀ síwájú, wọn kò sì nà mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, Bàbá jẹ́ aṣọ́nà ní ilé ìjọsìn fún ọdún mọ́kànlélógún, wọ́n sì sùn ní ọdún mọ́kànlélógún náà lórí ìdúró. Ní ti ìrànlọ́wọ́ ládùúgbò, àwọn ni wọ́n ń gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn gíga, wọn kì í sì í béèrè pé irú àìsàn wo ni. Ọdún 2002 ni ìwé tẹlifóònù jáde kẹ́yìn. Wọ́n ti ilé ìkẹ́rùsí pa, Bàbá sì wá jókòó sílé. A rò pé wọ́n á sinmi. Wọn kò sinmi. Ohun kan ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn: pé ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì dárí jì wọ́n. Wọn kò lè béèrè, nítorí hùn ṣì ni èdè wọn.

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni àìsàn ti gbé Bàbá dè. Kò sí ọ̀sán, kò sí òru tí wọn kì í bi wá: “Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti fọwọ́ sí i?” A sọ fún wọn pé ìwé kò sí mọ́, ọ́fíìsì kò sí mọ́. Wọ́n á mi orí, wọ́n á tún béèrè. Gbogbo wa ló rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì, ọdún 2022, a lọ bẹ Màmá Aránṣọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin gun àtẹ̀gùn wa láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Wọ́n jókòó ti ibùsùn, wọ́n yọ fọ́ọ̀mù láti inú báàgì.

“Àbúrò, wọ́n ní o kò jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Kí n mọ̀ pé ẹ ti dárí jì mí.”

Màmá Aránṣọ pòṣé. “Mo ti dárí jì ẹ́ lọ́jọ́ tí mo wá bá ọ nílé ìkẹ́rùsí. Kí n tó padà dé ṣọ́ọ̀bù ni inú mi ti rọ̀.”

Bàbá la ojú méjèèjì. “Láti 1987?”

“Láti 1987.”

“Ìwé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo tún fọwọ́ kọ lẹ́yìn náà!”

“Mo mọ̀. Tí mo bá fọwọ́ sí i, ta ni yóò wá jókòó tì mí fún ọjọ́ méjìlá lọ́dún? Ìwọ tí o máa ń kọjá níwájú mi bí ẹni tí ajá ń lé.”

Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, pẹ̀lú ìka mẹ́ta tó tẹ̀. Màmá Aránṣọ wo ọwọ́ náà, wọ́n gbà á mú, wọ́n sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí.

“Má bínú, Àbúrò.”

Wọ́n ní kí a mú bírò wá. Bàbá mi orí lórí ìrọ̀rí.

“Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Tí ẹ bá fọwọ́ sí i, wọ́n á tún ní kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ó ti rẹ̀ mí.”

Ẹ̀rín tí àwọn méjèèjì rín ní ọ̀sán yẹn, àwọn aládùúgbò wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá sùn, oorun tí a kò rí lójú wọn láti oṣù kọkànlá. Màmá Aránṣọ kò lọ sílé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Bàbá mí èémí ìkẹyìn, bí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe ń ròyìn apá aṣọ kan tí kò jókòó dáadáa fún wọn.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má fi ọ̀rọ̀ òfìfo sínú ìwé yìí. Màmá Aránṣọ ló ní kí a kọ ọ́. “Tí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò,” ni wọ́n wí, “kí ló kù? Àtẹ̀gùn.”

Àwọn tí Bàbá fi sáyé lọ nìwọ̀nyí: ìyàwó wọn ọ̀wọ́n, ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá Aránṣọ, ọmọ mẹ́ta: àkọ́bí obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, èkejì ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àti Àfikún tó ń tún iná mànàmáná ṣe, ọmọ-ọmọ méje, tí mẹ́rin nínú wọn jogún yíyán, àti ọmọ ọmọ-ọmọ méjì tí wọn kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ìwé tẹlifóònù.

Bàbá wa, ẹ ti rìn tó. Ẹlẹ́dàá yóò tọ́jú ìyàwó yín, ẹ̀gbọ́n yín àti gbogbo wa. Ẹ sùn, kí ẹ sùn pẹ́ títí. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni tún máa rán yín lọ.